Àjèjì àti Àlejò: Àgbéyẹ̀wò District 9 àti Lagoon

Nínú ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, yálà nínú ìwé tàbí nínú sinimá, ìbéèrè kan kì í yé jẹ yọ: bí ẹ̀dá láti ayé mìíràn bá dé, ta ni yóò gbà á sílé? Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè yìí. Àjèjì ni ẹni tí a kò mọ̀ rí. Àlejò ni ẹni tó wọlé tọ onílé wá, tí onílé sì ní ojúṣe sí. Ọwọ́ onílé ló wà láti sọ àjèjì di àlejò. Òṣùwọ̀n yìí ni a ó fi gbé sinimá District 9, tí Neill Blomkamp darí lọ́dún 2009, àti ìwé Lagoon, tí Nnedi Okorafor gbé jáde lọ́dún 2014, yẹ̀ wò.

Johannesburg ni ibùdó ìtàn District 9. Nínú ìtàn náà, ọkọ̀ òfurufú ńlá kan dúró sójú kan lókè ìlú lọ́dún 1982. Ebi ti sọ àwọn èrò inú rẹ̀ di aláìlera. Ìjọba kó wọn sí àgọ́ kan, àgọ́ náà sì di àdúgbò ahéré onípáànù. Orúkọ sinimá yìí mú District Six ní Cape Town wá sí ìrántí, àdúgbò tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kéde lọ́dún 1966 pé ó di ti aláwọ̀ funfun nìkan, tí wọ́n sì lé àwọn olùgbé rẹ̀ kúrò. Wikus, òṣìṣẹ́ tó ń lé àwọn àjèjì kúrò nílé, bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yí padà ni ohun tí ojú rẹ̀ ti ń rí tó yé e.

Ṣùgbọ́n sinimá náà fi ọwọ́ òsì wó ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́. Ọ̀daràn ni àwọn ọmọ Nàìjíríà inú rẹ̀, wọ́n ń ta ìbọn, wọ́n sì ń jẹ ẹran-ara àjèjì nítorí agbára. Obesandjo ni orúkọ ọ̀gá wọn, orúkọ tó jọ ti ààrẹ àná. Àjèjì kan, Christopher Johnson, ní ọmọ tó ń tọ́ àti ilé tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tí ìtàn náà fún ní irú rẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Dora Akunyili, Mínísítà fún ètò ìròyìn, ní kí àwọn ilé sinimá Nàìjíríà má ṣe fi í hàn mọ́. Ìbínú náà tọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ni a fi ń dá ìtàn lóhùn.

Okorafor, tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà fún òbí tó jẹ́ Igbo, ti sọ pé District 9 ló ta òun jí láti kọ Lagoon. Inú òkun létí Bar Beach ní Èkó ni àwọn àjèjì tirẹ̀ balẹ̀ sí. Aṣojú wọn gbé àwọ̀ obìnrin wọ̀, Ayọ̀délé sì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yìí wúwo: ayọ̀ náà kò kàn dé lásán, ilé ló dé. Ẹni tí a bá pè bẹ́ẹ̀, a ti gbà á sílé kó tó jókòó. Síbẹ̀ Èkó kò mú ìlérí orúkọ náà ṣẹ. Àlùfáà Oke fẹ́ fi í gbé ìjọ rẹ̀ ga, àwọn ọ̀dọ́ kan gbèrò láti jí i gbé nítorí owó, àwọn ológun sì fìyà jẹ ẹ́. Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú Lagoon, àlejò ló ń ríran. Ojú onílé ló fọ́.

Ìparí ìwé náà ni ó mẹ́hẹ. Ayọ̀délé di ìkùukùu, àwọn ará Èkó sì fà á símú. A lè pè é ní ìdàpọ̀, ṣùgbọ́n àlejò tí onílé ti fà símú kò lè bínú mọ́, kò sì lè dìde pé òun ń lọ. Ó gba onílé lọ́wọ́ iṣẹ́ tó le jù, èyí tí í ṣe bíbá ẹni tí kò jọ ọ́ gbé. Ní ti èyí, District 9 ṣe é dára jù: Christopher padà sílé, ó sì ṣèlérí pé òun yóò dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn onílé.

Ibi tí Lagoon ti borí ni pé ó fún ẹja, àdán àti aláǹtakùn pàápàá ní ohùn tiwọn, ó sì fún àwọn ajínigbé inú rẹ̀ ní ìdí tí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ohun tí Blomkamp fún àjèjì tó fi du ọmọ Nàìjíríà nìyẹn.