Ehoro Tó Ń Yìnbọn

Nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa nílé, ọdẹ ló máa ń mú ìbọn dání, ehoro a sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nídìí géèmù Bucky O'Hare ní Ìgbàjà. Ehoro aláwọ̀ ewé ni Bucky, ìbọn ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ló sì ń yìn ín fún.

Géèmù àtijọ́ ni. Konami ti ilẹ̀ Japan ló ṣe é fún ẹ̀rọ Nintendo ní 1992, láti inú ìwé àwòrán Larry Hama àti Michael Golden tó kọ́kọ́ jáde ní 1984. Àwòrán rẹ̀ kò dán bíi ti òde òní. Tótòtó ni, bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ igbá. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti kó ẹgbẹ́ Bucky nígbèkùn sí ayé mẹ́rin, èyí tó bá wù yín lẹ óò kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ẹ bá gbà sílẹ̀ á di tiyín: pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́wọ́ mẹ́rin, ológbò obìnrin, ọmọ ènìyàn kan, àti róbọ́ọ̀tì tó ń fò. Ògiri tó bá dá ehoro dúró, pẹ́pẹ́yẹ á gùn ún. Ọgbọ́n géèmù náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó le o! Ẹ gún ẹ̀gún lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Líle tibẹ̀ sì jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan dà bí ọ̀gá télọ̀ tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́: ẹ ṣe é, ó bàjẹ́, ẹ sì mọ ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í. Ìyẹn dáa. Èkejì, nǹkan á já lù yín lójijì níbi tẹ́ ò tí ì rí rí. Ìyẹn kì í ṣe ìdánwò, bíba de ènìyàn ni.

Mo ní ìdí tí mo fi ń bínú sí i. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, owó ìwé tí ìyá mi fún mi ni mo fi gbá irú géèmù ìbọn báyìí ní ṣọ́ọ̀bù kan. Tẹ́ ẹ bá ti kú tán, ẹ dìde fún ẹlòmíràn. Bó ṣe ń le sí i ni inú onísọ́ọ̀bù ń dùn sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò san kọ́bọ̀. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń gbá a. Ibi tó bá dé, á fi pamọ́, tó bá kú, á padà síbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, kò le rárá," ló wí.

Mo ní kó gbá a láìfi nǹkan pamọ́, bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó gbójú. Lọ́jọ́ kẹta ló tó gba gbogbo wọn sílẹ̀, làwọn ọ̀pọ̀lọ́ bá tún kó wọn sẹ́wọ̀n nínú ọkọ̀ ńlá wọn! Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Níbẹ̀ gan-an ni mo gbà fún àwọn tó ṣe é. Ẹni tó ti mọ bí pẹ́pẹ́yẹ ṣe ń gun ògiri, tó wá dúró nísàlẹ̀ ògiri láìsí pẹ́pẹ́yẹ, ó mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó ń fi gbogbo ìṣísẹ̀ pamọ́ ò lè mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe kú tán, lẹ́tà tí yóò fi padà síbẹ̀ yọ lójú ẹ̀rọ, niná bá lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ rí lẹ́tà yẹn kọ?"

Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn páálí ṣúgà.