Ilé Ò Gbà Wọ́n, Ọ̀nà Ò Gbà Wọ́n

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi ewì sílẹ̀ ná, ká ṣe lámèyítọ́ ìdájọ́ ilé-ẹjọ́. Ìwé lòun náà.

Ní July 2001, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n lọ sí pápákọ̀ òfurufú Prague, lórílẹ̀-èdè Czech, kí wọ́n lè dá ẹni tó bá fẹ́ wá tọrọ ààbò lọ́dọ̀ wọn dúró kó tó wọkọ̀. Àwọn Roma, ẹ̀yà tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú níbẹ̀, ló pọ̀ jù nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ètò náà ò dárúkọ ẹ̀yà kankan o. Àmọ́ ẹ wo ìṣirò tó dé iwájú adájọ́: nínú Roma 78, wọ́n dá 68 padà, nínú àwọn 6,170 tí kì í ṣe Roma, 14 péré. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀!

Ẹgbẹ́ European Roma Rights Centre àti Roma mẹ́fà pẹjọ́. Ní December 9, 2004, House of Lords, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, dá a.

Apá kìíní: àdéhùn 1951 lórí ogúnléndé ò ràn wọ́n lọ́wọ́, torí ẹni tí kò tíì jáde nílùú rẹ̀ kì í ṣe ogúnléndé. Mi ò bá gírámà jà. Ṣùgbọ́n ta ni ò jẹ́ kí wọ́n jáde? O ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, o tún ní kò sí níta!

Apá kejì ni mo gbóṣùbà fún. Baroness Hale ò wá ìkà èèyàn kankan kiri. Iṣẹ́ náà gan-an ló yẹ̀ wò: wọ́n ti fura sí Roma kí wọ́n tó lanu, wọ́n ń bi wọ́n léèrè pẹ́ ju ẹlòmíì lọ, wọn ò sì gbà wọ́n gbọ́. Ó ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà nìyẹn, ó tako òfin 1976. Gbogbo adájọ́ yòókù gbà.

Ẹ̀kọ́ tiwa rèé. Nínú ìtàn wa, òyìnbó burúkú kan gbọ́dọ̀ búni ká tó mọ̀ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló ń ṣe. Ní Prague, ìbéèrè lásán ló ṣe é.

Síbẹ̀, ẹ má tíì jó. Bí wọ́n ṣe ń ṣa èèyàn ni ìdájọ́ náà bá wí, kò wó ògiri. Ká ní gbogbo ayé ni wọ́n dá padà dọ́gbadọ́gba, ẹjọ́ Roma ì bá má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.