Ẹ Má Lé "Kú" Kúrò Nínú Ìkíni

Àwọn òbí kan wà ní àdúgbò wa ní Mushin tí wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn máa sọ "Ẹ kú iṣẹ́" fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní ikú wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí la fẹ́ gbà tí a ó fi máa sọ fún ẹni tó jí sáyé láàárọ̀ pé kó kú? Nítorí náà "Good morning" ni àwọn ọmọ náà ń sọ, "Well done" ni wọ́n sì fi ń kí bíríkìlà lórí àkàbà. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yìí lẹ́nu àgbàlagbà tó kàwé dáadáa, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé "kú" inú ìkíni àti "kú" tó ń pa ènìyàn, ìró kan náà ni. Ẹ̀rí yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Nǹkan kan pa mí lẹ́rìn-ín ná. Bí àwọn òbí yìí bá fẹ́ fi Yorùbá kí àlejò, "Ẹ káàárọ̀" àti "Ẹ káàbọ̀" ni wọ́n ń sọ, ọkàn wọn a sì balẹ̀. Ẹ tú u palẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀", "Ẹ kú àbọ̀". "Kú" wà nínú ikùn àwọn méjèèjì, ó kàn sá pamọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe ń rìn. "Kú" ti ikú máa ń gba "ti", "ń" àti "kò": adìẹ ti kú, iná ń kú lọ, ejò náà kò kú. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ti ìkíni. Ta ni yóò sọ pé "Ẹ ti kú iṣẹ́" tàbí "Ẹ kò kú iṣẹ́" tí wọn kò ní wò ó lójú lẹ́ẹ̀mejì? "Kú" ti ikú lè parí gbólóhùn, ti ìkíni kò lè dá dúró. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ ìdí tí a fi ń kí ènìyàn: ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró fún ẹni tó ti ń retí dáńfó láti àárọ̀. Ohun tí ẹni náà wà nínú rẹ̀ ni a ń dárúkọ fún un, kó lè mọ̀ pé a rí i. Lójú tèmi, kò sí lẹ́tà méjì tó ń ṣiṣẹ́ tó èyí nínú gbogbo èdè wa. Bí a bá sì dé ilé ọ̀fọ̀, "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù" ni à ń sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ikú ni "kú" yìí lóòótọ́, ilé ọ̀fọ̀ ni ibi àkọ́kọ́ tí àwọn baba wa ì bá ti fi í pamọ́. Wọn kò fi í pamọ́.

Ohùn tún wà níbẹ̀. Kí ẹnì kan fi fóònù kọ ọ́ sí mi láìfi àmì sí i pé "O ku ojo meta", mi ò ní mọ èwo ló ń sọ. Bóyá ó ń kí mi pé ó ti pẹ́ tí a ti fojú kan ara wa, ìyẹn "O kú ọjọ́ mẹ́ta". Bóyá ìdánwò ló ń rán mi létí rẹ̀, ìyẹn "Ó ku ọjọ́ mẹ́ta". Bóyá ẹnì kan ló sì kú, tí wọ́n ń sọ iye ọjọ́ fún mi. Àmì kékeré orí lẹ́tà ló yanjú gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi síbẹ̀, títí kan àwọn kan tó ń kọ́ wa ní Yorùbá.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kékeré ń ru ẹrù púpọ̀. Kọ́ńsónáǹtì 18 ni Yorùbá ní, fáwẹ̀lì àìránmúpè rẹ̀ jẹ́ 7. Bí a bá so kọ́ńsónáǹtì kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, a ó rí 126. Bí a bá fi ohùn mẹ́ta sí i, 378. Àwọn ohun tó wà láyé tí a fẹ́ dárúkọ ju 378 lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn èdè mìíràn náà, nítorí náà kò sí bí wọn kò ṣe ní pàdé lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń gbé níhà ibí yìí ní Èkó kò nílò láti wọkọ̀ òfuurufú kó tó rí i.

Ẹ lọ sí ọjà Ládípọ̀, níbi tí àwọn Ìgbò ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ní èdè wọn, "iku ume" ni mímí. Bí wọ́n bá sọ nípa aláìsàn pé "ọ na-eku ume", ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ṣì ń mí, kò tíì kú. "Ku" tiwọn wà lọ́dọ̀ ẹni tó wà láàyè! (Wọ́n ní "kụ" mìíràn, tó ní àmì nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ kíkan ilẹ̀kùn.) Ẹ kọjá sí Ìdí-Àràbà lọ́dọ̀ àwọn Haúsá. "Ku" tiwọn ni "ẹ̀yin". "Ku zo" ni "ẹ wá". Bí wọ́n bá sì bá ènìyàn púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọn a ní "Sannunku da aiki". Ìkíni iṣẹ́ ni, "ku" sì wà láàárín rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ lè búra pé "Ẹ kú iṣẹ́" ni wọ́n yí padà, bẹ́ẹ̀ "ẹ̀yin" lásán ló wà níbẹ̀.

Ní Makoko, lórí omi níhà Yaba, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí àwọn Ègùn ibẹ̀ bá sọ pé "kú", ikú gan-an ni wọ́n ní lọ́kàn, bíi tiwa. Àwọn Fọ̀n ní ilẹ̀ Benin àti àwọn Ewe ní Togo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Bí a bá jáde kúrò nílé, eré náà ń bá a lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1966 tí àwọn ológun dìtẹ̀ mọ́ ìjọba wa, "coup" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, tí "p" rẹ̀ kì í dún. Ọ̀dọ̀ Faransé ni wọ́n ti yá a, níbi tí ìró kan náà ti jẹ́ ọrùn, tó jẹ́ lílù, tó tún jẹ́ iye owó. Àwọn ará Ṣáínà ń fi ohùn ya tiwọn sọ́tọ̀ bíi tiwa: ọ̀kan ni ẹkún, ọ̀kan ni kíkorò, ọ̀kan ni ṣòkòtò. Ní Japan, "ku" ni ẹẹ́sàn-án, ìró yẹn kan náà sì ni ìyà. Nítorí èyí, àwọn ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ kì í fi 9 sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Nítorí náà kì í ṣe Mushin nìkan ni wọ́n ti ń bẹ̀rù ìró. Ṣùgbọ́n àwọn ará Japan ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ẹẹ́sàn-án nínú èdè ara wọn, "kyū", ìyẹn ni wọ́n bọ́ sí. Àwa ńkọ́? "Well done" là ń bọ́ sí, "Well done" kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó jókòó àti ẹni tó ń náwó.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti fi ìró ṣe ẹ̀rí rí. Ní 1948, J. Olumide Lucas tẹ ìwé The Religion of the Yorubas jáde ní Èkó. Nínú rẹ̀ ló ti ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wé ọ̀rọ̀ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, láti fi hàn pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀sìn wa ti ṣẹ̀. Ìfẹ́ tó ní sí Yorùbá hàn, ọ̀nà tó gbà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ìjọra ọ̀rọ̀ kékeré bá tó, "ku" inú "Sannunku" ti sọ Haúsá di ìbejì wa. Ẹ ka oókan, eéjì títí dé ẹẹ́rin, kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Yorùbá ní ẹ̀ta àti ẹ̀rin. Ègùn ní atọ̀n àti ẹnẹ. Ìgbò ní atọ àti anọ. Haúsá ní uku àti huɗu. Ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ tó ń bá ara wọn lọ báyìí ni àwọn onímọ̀ èdè fi ń mọ ẹbí, wọn kì í mú ìró kan ṣoṣo. Ohun tó sì panilẹ́rìn-ín jù ni pé Haúsá, tí kì í ṣe ìbátan wa, ni àwọn onímọ̀ èdè kà mọ́ ìdílé ńlá kan náà pẹ̀lú èdè Íjíbítì àtijọ́. Àwọn òbí àdúgbò wa àti ìwé ọdún 1948 yẹn kò jọ ara wọn nínú ohunkóhun, àmọ́ etí nìkan ni àwọn méjèèjì fi ṣe ìdájọ́.

Mo fẹ́ kí àwọn òbí náà gbọ́ nípa Freetown. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lọ, Samuel Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó débẹ̀ ti rí ogun, wọ́n ti rí òkú nínú ọkọ̀. Bí àwọn kan bá wà tó yẹ kó bẹ̀rù "kú", àwọn ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi í kí ara wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, débi pé àwọn ará ìlú sọ wọ́n lórúkọ: Aku. Orúkọ yẹn ni wọ́n ṣì ń pe àwọn ọmọ wọn ní Gambia. Bí ẹ bá sì pàdé Krio ní Freetown lónìí, "Kushẹ" ni yóò fi kí yín, ìyẹn "Ẹ kú iṣẹ́" tó ti lo nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn odi.