Ohùn Ẹṣin: Àyẹ̀wò Ojú Ìwòye nínú Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ẹṣin pọ̀ nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá. A ń bá a pàdé nínú òwe, nínú oríkì ọba àti ti jagunjagun, nínú ìtàn ogun àti nínú eré orí ìtàgé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè pé níbo ni ẹṣin ti sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹṣin, ìdáhùn yóò ṣòro fún wọn. Ohùn ẹni tí ó gùn ún ni a máa ń gbọ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹṣin ṣe àlàyé ohun tí ojú ìwòye jẹ́ nínú iṣẹ́ asọ̀tàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùdánwò ni ó máa ń da ojú ìwòye pọ̀ mọ́ ìfohunpènìyàn. A fẹ́ fi hàn pẹ̀lú pé àṣìṣe yìí kò mọ sí inú ìdánwò nìkan.

Ohun tí a rí nínú kíláàsì

Ní ọdún kan, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ẹdẹ ní àròkọ kan: kí wọ́n fi ohùn ẹṣin ròyìn ọjọ́ kan nínú ayé rẹ̀, láti ìdájí títí di alẹ́. Nínú púpọ̀ nínú ìwé tí mo gbà, ẹṣin ń ráhùn pé olówó òun kò san owó iṣẹ́ fún òun. Òmíràn ń gbàdúrà pé kí ọmọ òun yege nínú ẹ̀kọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ mú kí ẹṣin tirẹ̀ ka aago ara ògiri. Èdè wọn dára, àmì ohùn wọn kò sì burú, ṣùgbọ́n kò sí ẹṣin nínú ìwé wọn. Ènìyàn tí ó gbé awọ ẹṣin wọ̀ ni wọ́n kọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹṣin tirẹ̀ kò mọ orúkọ ọmọ tí ń bọ́ ọ. Òórùn ọwọ́ ọmọ náà ni ó fi ń dá a mọ̀. Kò mọ̀ pé ọdún ni ìlú ń ṣe. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ìlù pọ̀ lọ́jọ́ náà, pé gàárì wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àti pé ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ti tẹ ibi tí koríko máa ń wà pa. Ìwé ọmọ yìí ni ó mú mi padà lọ wo ohun tí àwọn àgbà wa ti sọ nípa ẹṣin.

Ẹṣin nínú òwe

Òwe tí a fi ń ṣe àpèjúwe òwe fúnra rẹ̀ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀: òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ohun tí a ń gùn débi tí a ń lọ ni ẹṣin jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a bá sì ní bí ènìyàn bá gun ẹṣin tí kò ju ìpàkọ́, ẹṣin yóò bá a jù ú, ìpàkọ́ ẹlẹ́ṣin ni à ń wò, a kò wo ẹ̀yìn tí ó gbé e. Nígbà tí a bá sọ pé ẹṣin kú, ó fi ìrù sáyé, ìrù tí ó kù sọ́wọ́ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ dá lé.

Ọ̀kan wà tí ó súnmọ́ ohun tí à ń wá: ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Nínú òwe yìí, ẹṣin ní ojú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wòye, ohun tí ó sì rí ni ó ń darí eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń pa á tán ni a ti ń yí i padà sí ọ̀rọ̀ àgbà àti èwe. Kì í ṣe àléébù òwe ni èyí, nítorí pé iṣẹ́ òwe ni láti gba ara ohun kan sọ òmíràn. Ohun tí ó yẹ kí olùdánwò dì mú ni pé ẹranko lè wà nínú ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ ni a fi ń wo ayé.

Àlọ́ àti ìjálá

Ẹlòmíràn lè wí pé ẹranko ń sọ̀rọ̀ nínú àlọ́ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òótọ́ ni. Ìjàpá ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹ gbèsè, ó ń lọ kí àna rẹ̀, Yánníbo sì ni ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni Ìjàpá mọ̀ tí ènìyàn kò mọ̀? Èéfín wo ni ó gbóòórùn rẹ̀, ilẹ̀ wo ni àyà rẹ̀ ń fà kọjá? Àlọ́ kò bìkítà fún èyí, nítorí pé ìwà ènìyàn ni ó fẹ́ ṣe àtúnṣe sí. Ìfohunpènìyàn pọ́ńbélé ni. Asọ̀tàn tí ń pa á sì jẹ́ arínúróde, tí ó mọ inú Ìjàpá, tí ó mọ inú Erin, tí ó sì mọ ìparí ìtàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjálá ń gba ọ̀nà mìíràn. Ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, fi hàn pé oríkì ẹranko wà lára ohun tí àwọn ọdẹ ń kọ lórin. Ọdẹ mọ ẹranko dunjú, nítorí pé ẹni tí kò mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran kò ní pa á, ó sì lè di ẹran fún un. Ó mọ bí ó ti ń jẹ, bí ó ti ń sá, bí awọ rẹ̀ ti rí. Síbẹ̀, ẹni tí à ń kì ni ẹranko. A ń pè é ní ‘ìwọ’. Kò pe ara rẹ̀ ní ‘èmi’. Nítorí náà, àlọ́ ní ohùn láìní ara ẹranko, ìjálá ní ara ẹranko láìní ohùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè so méjèèjì pọ̀ ni yóò dá ohun tuntun sílẹ̀ nínú ìtàn àròsọ Yorùbá.

Ẹlẹ́ṣin láìsí ẹṣin

Ẹ jẹ́ kí a wo eré onítàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní Ọ̀yọ́. Olókùn Ẹṣin ni àṣà ní kí ó bá a lọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá a dúró. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Dúró Ládiípọ̀ gbé eré Ọba Wàjà lé (1964), òun náà sì ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King’s Horseman (1975). Orúkọ oyè náà tọ́ka sí okùn ẹṣin gan-an. Àwọn alárìíwísí ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ojúṣe, lórí ikú, lórí ìjà àṣà méjì. Ṣùgbọ́n ẹṣin ọba, tí òun náà gbọ́dọ̀ bá ọba rìn, kì í ju ìdárúkọ lọ. Ẹni tí ó di okùn mú ń sọ̀rọ̀ dùn-ún-yùngbà. Ẹni tí a so mọ́ okùn dákẹ́. A kò dá àwọn òǹkọ̀wé náà lẹ́bi, torí pé ìbéèrè tiwọn kọ́ nìyí. Àyè tí ó ṣófo ni à ń fi hàn.

Àpẹẹrẹ láti òkèèrè

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Anna Sewell gbé Black Beauty jáde ní 1877. Ẹṣin ni asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe níbẹ̀. Ọwọ́ olówó kan ni ó ti ń bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Ó fa kẹ̀kẹ́ akérò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì mọ ìrora ìjánu tí a fi ń gbé orí ẹṣin sókè tipátipá nítorí oge. Ibi tí ìwé náà ti lágbára ni ibi tí ẹnu àti ọrùn ẹṣin ti ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ó ti rọ̀ ni ibi tí ẹṣin ti ń wàásù bí oníwàásù. Tolstoy ará Rọ́ṣíà náà kọ ìtàn kan, Kholstomer, tí ó jáde ní 1886. Nínú rẹ̀, ẹṣin arúgbó kan kò lè lóye ìdí tí ọmọ ènìyàn fi ń pe ẹ̀dá alààyè ní ‘tèmi’. Àìlóye yìí gan-an ni ọgbọ́n ìtàn náà: ohun tí asọ̀tàn kò mọ̀ ń kọ́ wa ju ohun tí ó mọ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1971 ń dáàbò bo àwọn ẹṣin ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní mustang. Àwọn tí ìjọba bá kó láti inú pápá, ará ìlú lè gbà wọ́n tọ́. Lẹ́yìn ọdún kan ni ẹni tí ó tọ́jú ọ̀kan dáadáa lè gba ìwé pé ó di tirẹ̀. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ti mọ pápá kí ó tó mọ ọgbà. Ṣé ó mọ̀ pé wọ́n ti ‘gba òun tọ́’? Ọwọ́ tí ń gbé omi wá ni ó mọ̀.

Ẹṣin tiwa

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Àlejò ni ẹṣin nílẹ̀ wa. Láti ìhà àríwá ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń rà á; bí wọ́n bá sì mú un wọ inú igbó, àrùn tí eṣinṣin ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé. Síbẹ̀, òun ni Ọ̀yọ́ gùn lọ bá Dàhómì jà ní 1726. Ìlú tiwa yìí, Ẹdẹ, Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ̀ pé Aláàfin Kòórì ni ó rán Tìmì wá láti dẹ́kun àwọn tí ń jí ènìyàn gbé lọ́nà ọjà Àpòmù. Ní Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa, ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kọlu àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ní òru, agbára ẹlẹ́ṣin tí Ìlọrin gbójú lé sì di òfo.

Gbogbo wa ni a ti kà nípa ogun Òṣogbo láti ojú balógun. Kí òǹkọ̀wé kan wò ó láti ojú ẹṣin tí a so mọ́ èèkàn lóru ọjọ́ náà. Ẹṣin kò mọ Ìbàdàn, kò mọ Ìlọrin. Ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó sì ń rí ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ gangan. Etí rẹ̀ yí sí ibi tí igi gbígbẹ ti dá. Ó ń dúró sùn, nítorí náà òun ni ó kọ́kọ́ jí. Ó yán, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó fa okùn. Òǹkàwé tí ó ti mọ ìparí ogun yóò mọ ohun tí ń bọ̀, ẹṣin kò ní mọ̀ ọ́n. Láàárín mímọ̀ àti àìmọ̀ yìí ni ìtàn yóò ti gba ẹ̀mí.

Ìgúnlẹ̀

Kí olùdánwò tí a bá ní kí ó sọ̀rọ̀ lórí ojú ìwòye béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ara rẹ̀: kí ni asọ̀tàn yìí lè rí? Kí ni ó lè mọ̀? Kí ni kò lè mọ̀ láéláé? Bí ohun tí kì í ṣe ènìyàn bá kàn ń hùwà tàbí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ìfohunpènìyàn nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ àti ara ohun náà ni ó pààlà sí ìtàn, ojú ìwòye rẹ̀ ni a ń lò.

Fún àwa olùkọ́, ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣin nìkan kọ́ ni ó gbé ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ohùn rẹ̀ kò sì sí nínú ìtàn. Ẹrú tí ó gbé ẹrù ogun wà níbẹ̀, ìwọ̀fà tí ó ro oko wà níbẹ̀, obìnrin tí ó se oúnjẹ ọmọ ogun wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ láti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹṣin gbọ́ lóru ogun Òṣogbo kò ní pẹ́ bèèrè ohun tí àwọn wọ̀nyí gbọ́. Ọmọbìnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ gba máàkì tí ó ga jù lọ nínú kíláàsì náà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi mí léèrè ìdí, mo ka ìwé rẹ̀ sí wọn létí. Wọn kò tún bi mí mọ́.