Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Ẹni tí Ó Lẹ́tọ̀ọ́ sí I: Àríwísí lórí Èrò Grice

Èrò H. P. Grice lórí ìtumọ̀ tí ó fara sin ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Grice gbé èrò náà kalẹ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní 1967. A sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975. Lójú rẹ̀, àwọn tí ó ń tàkurọ̀sọ a máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀: ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀ jù, kì í sì í kéré jù, a jẹ́ òtítọ́, a bá ohun tí à ń sọ mu, a sì yéni yékéyéké. Bí asọ̀rọ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ rú ọ̀kan nínú òfin wọ̀nyí ní gbangba, olùgbọ́ yóò wá ìtumọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ó hàn lójú ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ìpèdè ojoojúmọ́ kan. Bàbá kan wọlé, ó bá ilẹ̀ tí ó dọ̀tí, ó sì bi ọmọ tí ó jókòó síbẹ̀ pé, "Ṣé kò sí ìgbálẹ̀ nínú ilé yìí ni?" Bàbá mọ̀ pé ìgbálẹ̀ wà. Ọmọ tí ó bá dáhùn pé, "Ó wà, bàbá," gbọ́ ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Títí dé ibí yìí, àlàyé Grice múná dóko. Àwọn àgbà náà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dénú rẹ̀, a di odindi.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ni ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé kò sí oúnjẹ nínú ilé yìí ni?" ńkọ́? Ìhun gbólóhùn méjèèjì kò yàtọ̀; ohun tí ọmọ ń fẹ́ sì yé ìyá rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, àfojúdi ni a ó kà á sí. Ìbá sàn kí ó wí i gbangba pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní oúnjẹ." Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi bò ni ó jẹ́ ti ọ̀wọ̀.

Òwe pípa tún fi èyí hàn. Ọmọdé tí ó bá pa òwe níwájú àgbà ní láti fi "Tótó ó ṣe bí òwe o" kún un. Àgbà a sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Kì í ṣe ìtumọ̀ òwe ni ọmọdé ń là níbẹ̀; ìyọ̀ǹda ni ó ń tọrọ.

Òótọ́ ni pé Grice mẹ́nu ba ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin mìíràn, ṣùgbọ́n ó yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láàrin Yorùbá, ohun tí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ àgbà kò bá yé ọmọdé, ọmọdé ni ó jẹ̀bi; bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọdé bá yé àgbà, ọmọdé náà ni ó tún jẹ̀bi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gba ìpèdè sílẹ̀ fún ìwádìí gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ orí àti ipò àwọn tí ó sọ ọ́ pẹ̀lú. Gbólóhùn nìkan kò tó.