Ìsọtẹ́lẹ̀ lórí Kíndìnrín tí ó ń Bàjẹ́: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Méjì

Ní ìyàrá ìtọ́jú àkànṣe, mímọ̀ pé kíndìnrín aláìsàn ti farapa kò nira tó mímọ ẹni tí tirẹ̀ yóò burú títí yóò fi di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ méjì lórí èyí yẹ ní gbígbéyẹ̀wò, kí ó sì jẹ́ ojú aláìsàn tí wọ́n gbé láti Agége wá sí LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, ni a ó fi wò wọ́n.

Èkíní ni ètò kọ̀ǹpútà tí DeepMind gbé jáde ní 2019. Àkọsílẹ̀ aláìsàn 703,782 láti ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Níbi tí ọ̀ràn ti já sí fífọ ẹ̀jẹ̀, ó kìlọ̀ ṣáájú nígbà 90 nínú 100, nígbà mìíràn tí ó ku wákàtí 48. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ asán méjì ni ó ń bá òótọ́ kan rìn. Ìyìn tọ́ sí i. Àbùkù rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fi kọ́ ọ: nínú 100 wọn, obìnrin kò pé méje. Ayinke House, ilé ìgbẹ̀bí, wà lára LASUTH, gìrì aboyún àti ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ sì wà lára ohun tí ń ba kíndìnrín jẹ́ nílẹ̀ yìí. Báwo ni ètò tí kò mọ abiyamọ dunjú yóò ṣe sọ tẹ́lẹ̀ fún un? Àkọsílẹ̀ ọlọ́dún gbọọrọ ni ó sì ń jẹ. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Ọba Akran lè má yẹ ẹ̀jẹ̀ wò rí.

Èkejì ni ìdánwò Lasix tí Chawla àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2013. Mílígírámù kan fún kílò ara kan, tàbí 1.5 fún ẹni tí ó ti lo oògùn náà láìpẹ́. Bí ìtọ̀ wákàtí méjì kò bá ju mílílítà 200 lọ, kíndìnrín yóò burú sí i. Ó mú 87 nínú 100 àwọn tí tiwọn burú. Rọ́bà ìtọ̀, ìgò tí ó ní àmì ìwọ̀n, àti nọ́ọ̀sì tí ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ ti tó. Aláìsàn 77 péré ni wọ́n fi dán an wò, kò sì yẹ ẹni tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, bí abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ dá omi padà sí i lára. Síbẹ̀ òun ni ó sún mọ́ Ìkẹjà jù.

Dókítà Amẹ́ríkà tí ìkìlọ̀ asán bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò pàdánù ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní Agége, ẹbí aláìsàn lè ti yá owó èlé kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí àpò ara wọn ni wọ́n sábà máa ń fi sanwó fífọ ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì kò ka gbèsè yìí mọ́ ìṣirò.