Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Tí A Fi Pamọ́: Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Alfa Romeo 156

Ère, aṣọ àti ìlù ni a sábà ń gbé yẹ̀wò ní ojú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ ni a ó yẹ̀ wò, kì í sì í ṣe láti polówó rẹ̀. Ohun tí ó mú wa ṣe é ni pé, bí ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́sìtì bá ti ń súnmọ́, tí Savalou ń múra ọdún iṣu, àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Kútọnu àti ní òkè òkun a máa fẹ́ fi ọkọ̀ tí ó fa ojú mọ́ra wọ ìlú. Ní ilé mìíràn, owó kajú odidi ọdún kan ni ó ń bá a lọ. Ó yẹ kí a lè sọ ohun tí ó dára lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ àti ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó, bí a ti ń sọ ọ́ nípa ère.

Èyí tí a yàn ni Alfa Romeo 156, tí ilé-iṣẹ́ Ítálì náà gbé jáde ní 1997. Walter de Silva ni ó ṣe olórí àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù sì fi í jẹ oyè Ọkọ̀ Ọdún ní 1998. Ẹ wo iwájú rẹ̀. Àmì tí ó dà bí apata, tí ìdílé ọkọ̀ Alfa ń jogún láti ọjọ́ pípẹ́, sọ̀ kalẹ̀ gan-an débi pé kò sí ààyè fún nọ́ńbà ọkọ̀ láàárín mọ́; wọ́n sún nọ́ńbà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọkùnrin tí ó gẹ fìlà. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀kùn iwájú hàn gbangba, ó ń dán, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ti sá pamọ́ sí etí fèrèsé dúdú. Ẹni tí ó dúró lókèèrè yóò ní ilẹ̀kùn méjì ni. Mẹ́rin ni.

Àwọn kan yóò pe èyí ní ẹ̀tàn. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Aránṣọ tí ó mọṣẹ́ a máa fi ojú rírán pamọ́ sínú agbádá, ẹnikẹ́ni kì í sì í pè é ní òpùrọ́. Ohun tí ayàwòrán yìí ń sọ ni pé bàbá tí ó ní ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà láti gbé kò ní láti sọ ìfẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, irin ni ó fi sọ ọ́, kò sì fi ariwo sí i.

Wọn yóò dá wa lóhùn pé ìwà lẹwà. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ọ̀rọ̀ àgbà yìí pa ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu, bí ẹni pé ẹni tí ó bá yin ẹwà ti kọ ìwà. Ẹ jẹ́ kí a kúkú wo ìwà ọkọ̀ náà.

Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń pè ní Twin Spark ní púlọ́ọ̀gì méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ ni ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ wọn yóò rà, kì í ṣe mẹ́rin. Ohùn rẹ̀ dùn, ìdarí rẹ̀ yá bí ìgbà tí a fi ìka lásán darí ẹṣin. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì inú rẹ̀ kì í fara da ìfojúfò. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe a máa gbani nímọ̀ràn pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 60,000 kìlómítà. Bí ó bá já lójú eré, fáàfù àti písítìnì yóò kọlu ara wọn, àtúnṣe rẹ̀ sì lè ju owó ọkọ̀ náà lọ. Àwọn apá òkè tí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú a tún máa tètè gbó, wọn a máa dún kíùn-kíùn. Ikùn ọkọ̀ náà sì súnmọ́ ilẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ó yà á. Ní àgbègbè Bantè, bí a bá ti yà kúrò lórí ọ̀dà sí ilẹ̀ pupa oko kajú, òkúta kan péré lè fọ́ àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì.

Àwọn àgbà wa yóò ní ìdí nìyẹn tí àwọn fi fẹ́ràn Peugeot 504. Wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n kí wọn rántí pé Pininfarina, ilé ayàwòrán ọkọ̀ ní ìlú Turin, ni ó ya 504 tí Faransé gbé jáde ní 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ẹwà Ítálì kọ́ ni ìjà wa, nígbà náà. Ohun tí a ń bi ayàwòrán ni irú ọ̀nà tí ó ní lọ́kàn. 504 ga nílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ìpéǹpéjú iná iwájú rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ti ẹni tí kò kánjú. Ní tiwa, òun ni iṣẹ́ ọnà tí ó ga jù nínú méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 156 ni ojú wa ń tẹ̀ lé bí wọ́n bá jọ kọjá.

Ti oní-dísẹ̀lì ńkọ́? 156 JTD ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ó lo ọ̀nà common rail, èyí tí ń fi agbára ńlá ti epo gba ihò tín-ín-rín. Ó ń jẹ epo díẹ̀, ó sì lágbára. Àmọ́ ìdọ̀tí díẹ̀ nínú epo ti tó láti ba ihò wọ̀nyẹn jẹ́. Ẹni tí ó bá ń ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ní 2003, wọ́n gbé ọkọ̀ náà fún Giugiaro kí ó tún ojú rẹ̀ ṣe. Iná iwájú di fẹ́lẹ́, ojú náà le sí i. Àwọn olówò yóò sọ pé tuntun ni, wọn yóò sì béèrè owó lé e. A kò rí ìdí tí a fi lè sanwó kún ohun tí ó dín ẹwà kù. Ti ìṣáájú ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á wá, kí ó sì kọ́kọ́ béèrè ìwé tí ó fi ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì hàn. Bí kò bá sí ìwé, kí wọ́n yọ owó bẹ́líìtì tuntun àti owó iṣẹ́ mẹkáníìkì kúrò nínú iye tí wọ́n dá lé e, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀dà ara rẹ̀.